Ẹ̀yìn Tí Mo Yọ Kúrò

Fọ́tò mẹ́tàlélógún ni Pamílẹ́rìn kó wá fún mi
ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo yá ní Òwódé, ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Ó ń ṣe gèèmù bọ́ọ̀lù, ó ní àwọn ọmọ Òkè Ẹlẹ́rin ni yóò wà nínú rẹ̀,
kì í ṣe àwọn òyìnbó tí a ti ń fi ìka gbá kiri láti ọjọ́ yìí wá.
"Ẹ bá mi yọ ẹ̀yìn wọn kúrò," ló wí,
"kó mọ́ tónítóní. Àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ."

Ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó rọrùn lẹ́nu.
Ẹnìkan ya tirẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí,
ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ kajú tí wọ́n sá sí oòrùn,
Gbádégẹṣin aṣọ́lé dúró ti ọkọ̀ akóyanrìn,
nọ́ńbà ọkọ̀ náà yọjú lábẹ́ apá rẹ̀
bí ẹni pé òun náà wà nínú tíìmù.

Irun ni iṣẹ́ wà.
Èjìká ò le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò le,
ṣùgbọ́n irun tí atẹ́gùn gbá mú,
ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó ń lọ.
Bí o bá fi ìkánjú gé e, orí á dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé;
bí o bá rọra jù, sánmà á ṣẹ́ kù sí etí rẹ̀,
funfun fẹ́ẹ́rẹ́,
bí ọṣẹ tí ọmọ ò ṣàn tán kó tó sá jáde.

Aago kan òru ni mo kan Oyègòkè.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nọ́ńbà méje, ẹlẹ́sẹ̀ òsì.
Ògiri alámọ̀ ilé wọn ló fẹ̀yìn tì,
àwọ̀ ògiri àti àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọgbọọgba ni.
Mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi yà wọ́n.
Ó rò ó títí,
ó gé etí ọmọ mọ́ ògiri,
ó fi fèrèsé kan kún orí rẹ̀.
Mi ò bínú sí i.
Ta ló sọ fún un rí, ibi tí ilé parí sí lára ọmọ?

Mo di máòsì mú, mo ń fi ọwọ́ ara mi tọ etí rẹ̀
bí èèrà tó ń rìn lẹ́nu abọ́.
Ìgbà yẹn ni mo rí ìka.

Ìka mẹ́ta, ti àgbàlagbà, òrùka bàbà kan,
lórí èjìká ọ̀tún.
Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a tún ọrùn jẹ́sì rẹ̀ ṣe ni,
kò tíì yẹra tán tí wọ́n fi ya á.

Jẹnẹrétọ̀ húkọ́. Mo bu epo tó kù sí i.
Ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n dàgbà,
ẹ̀yìn náà ni wọ́n ní kí n wá yọ lára rẹ̀,
igba náírà lórí ẹnìkan.
Mo yọ ọ́.
Mo da èjìká òsì kọ, mo fi dí ojú ihò tí ìka fi sílẹ̀.
Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọjọ́ kẹta, Pamílẹ́rìn gbé e wá fún wa wò:
pápá kan tí koríko rẹ̀ tutù ju koríko lọ,
èrò tó ń hó, tí a ò mọ orúkọ bàbá ẹnìkankan nínú wọn.
Oyègòkè ń yípo níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní,
bí ẹni tí kò ti ibì kankan wá.
Àwọn ọmọ ń pariwo.
Ìyá àgbà rẹ̀ bá wọn wá, ó gbé máńgòrò mẹ́rin ka kíbọ́ọ̀dù mi,
ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo inú ìkòkò.
Ó wò ó, ó wò ó.
Ó ní, "Ta ló bá a tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe?"

Òrùka bàbà wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ṣí ibi tí mo ń kó àwọn ẹ̀yìn pamọ́ sí:
kajú, ìdajì ọkọ̀ yanrìn, ògiri, fèrèsé.
Mi ò pa ọ̀kankan rẹ́ rí.
Mo ní, "Ẹ jókòó, Ìyá. Ó wà níbí."